Ohun Tí Mo Kà Lára Ayùn Àlájì

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ohun púpọ̀ tó yẹ kí n máa fi pamọ́ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí tí mo ṣì rántí bó ṣe rí gan-an. Kì í ṣe pé mo lè gbàgbé rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé bó bá pẹ́ sí i, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́nà tí ẹ̀bi mi yóò fi máa kéré díẹ̀díẹ̀.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Ìta Fájì. Orúkọ náà ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti yunifásítì dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló kàwé dé ibẹ̀ nínú agbo ilé wa. Láti ìgbà náà ni ìwé gbogbo àdúgbò ti di tèmi. Lẹ́tà láti ilé ẹjọ́, ìwé iná, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ohun tí mo kà ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí Akọ̀wé bá ti kà á, ó parí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n fi ń yìn mí, tó sì dùn mọ́ mi ju ìwé kíkà lọ. Wọ́n ní n kì í lo awò ojú. Bí a bá kírun tán tí a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹnìkan á ní, "Ẹ wo Akọ̀wé, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àwa tí a kò kàwé rárá ni ojú wa ti lọ." N ó rẹ́rìn-ín, n ó sì gbójú sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Bẹ́ẹ̀ mo ní awò. Inú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi ló wà, òun àti gíláàsì ọlọ́wọ́ kan tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Bí ìwé bá dé, n ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé mo fẹ́ fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbà pé bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Àlájì ni gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì kéré sí mi ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Gbogbo wa ló ń pè é ní Àlájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìlọrin ni ibi tó jìnnà jù tó tíì dé. Abẹ́ páànù kan láàárín ilé Àgùdà méjì ní Pópó Àgùdà ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ibẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé yàrá mi. Ó kéwú dáadáa, ó mọ nọ́ńbà orí téèpù ju èmi lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ABD, ojú rẹ̀ kò sì gbé nọ́ńbà tó bá kéré ju ti téèpù lọ mọ́. Èmi ni ojú rẹ̀ nínú ìwé.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ikán ti jẹ mínbárì mọ́ṣáláṣí wa, ìyẹn àtẹ̀gùn onígi tí lèmọ́mù máa ń gùn láti ṣe ìwáàsí ọjọ́ Jímọ̀. Àlájì ni wọ́n gbé tuntun fún, kó parí rẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé. Igi ìrókò ni wọ́n rà. Ó sọ fún mi pé òun ti kan àga, òun ti kan ilẹ̀kùn, òun ti kan pósí fún àwọn Àgùdà, ṣùgbọ́n òun kò tíì kan ohun tí wọ́n á máa dúró lé lórí pe orúkọ Ọlọ́run. Ó ní bí òun bá ti ṣe èyí tán, kí ọwọ́ òun máa sinmi.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ayùn alátábìlì rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kékeré ni ayùn náà, irú èyí tí èèyàn lè ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kó sì gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó ní tábìlì irin pẹlẹbẹ, bíléèdì róbótó kan yọrí láàárín rẹ̀, irin gígùn kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí pákó máa ń fara tì kó lè lọ gbọọrọ. Gáìdì ni Àlájì ń pe irin náà. Nígbà tó yá, gbogbo pákó tó bá gba orí tábìlì yẹn kọjá ń jáde pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ dúdú, èéfín sì ń yọ.

Mo lọ jókòó tì í. Mo sọ fún un nípa ìfarakínra àti ooru, mo sì ṣàlàyé bí agbára iná ṣe ń di agbára yíyí.

"Lóòótọ́?" ni Àlájì wí. "Ẹ ṣé gan-an, Akọ̀wé. Ẹ bá mi di ìdí pákó yìí mú."

Ó yọ iná, ó tú bíléèdì, ó fi kẹrosín-ìnì fọ oje igi tó ti gbẹ mọ́ eyín rẹ̀. Igi ṣì ń jó. Ó wá mú téèpù, ó wọn ààyè tó wà láàárín gáìdì àti bíléèdì níwájú, ó tún wọn ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn fi ìnípọn igi ìṣáná méjì kéré sí ti iwájú.

"Ẹ ò rí i? Ó gba igi wọlé bí àlejò, ó wá ń fún un lọ́rùn lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn."

Ó tún gáìdì ṣe, jíjó náà sì dín kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń dákú láàárín iṣẹ́. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ íńjìnnì, ó yọ kábọ́nù méjì tó ń gbé iná fún un, wọ́n ti jẹ kù bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ó fi tuntun sí i. Ẹ̀rọ tún ń pariwo. Níkẹyìn ó di bíléèdì mú, ó mì ín, bíléèdì sì ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ bí eyín tó fẹ́ yọ. Béárìn tó ń mú un yí ti lọ, irin tó wà láàárín rẹ̀ náà sì ti jẹ. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà.

"A ó ra òmíràn," ló wí. "Ẹ ó bá mi lọ. Èmi mọ ara rẹ̀, ẹ̀yin mọ ìwé rẹ̀."

A fẹsẹ̀ rìn gba Tinúbú kọjá lọ sí ọjà irinṣẹ́ lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà. Mo fẹ́ràn àwọn tuntun tó wà nínú páálí dídán, èyí tí wọ́n ya àwòrán òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Àlájì kò wo páálí. Ó fi rúlà irin lé orí tábìlì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Ó ti gáìdì mọ́lẹ̀, ó fi ìkúùkù gbá a wò, bó bá yẹ̀, ó kọjá sórí òmíràn. Ó fi ọwọ́ yí bíléèdì, ó sún etí mọ́ ọn. Ó gbé ẹ̀rọ sókè níhà kan kó mọ̀ bóyá ọwọ́ arúgbó lè gbé e. Ó ní gáìdì àwọn tuntun náà ń mì bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ìgbà tó dé orí tòkunbọ̀ kan tí wọ́n ti lò díẹ̀ ló dúró. Tábìlì rẹ̀ tẹ́jú. Gáìdì rẹ̀ kò yẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára.

Obìnrin oníhíjáàbù kan ló ni ìsọ̀ náà. "Bàbá, ẹ mọ ohun tó dáa," ló wí. "Ilé òyìnbó ló ti wá tààrà. Orí wáyà rẹ̀ nìkan la gé, a fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa sí i. Ṣùgbọ́n kò sí iná lónìí tí a lè fi dán an wò, bẹ́ẹ̀ a kì í gbà á padà. Agbára iná àwọn kan nínú wọn jẹ́ tuu-tuẹ́ńtì fóòtì bíi ti wa níbí, àwọn kan jẹ́ wọn-tuẹ́ńtì. Bó bá jẹ́ wọn-tuẹ́ńtì, ẹ gbọ́dọ̀ ra àpótí sítẹ́ẹ̀pù-dáùn tó máa ń dín iná kù fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa jó. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó gbé e."

"Ẹ ò kà á fún wa ni?" ni Àlájì wí.

"Tí n bá ní kí n máa ka gbogbo ohun tó wà nínú ìsọ̀ yìí, ìgbà wo ni n ó tà á?"

Àlájì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu. Mo mú ojú tèmi wá." Ó dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ̀ fún mi.

Pátákó irin kékeré kan ni, kò ju ẹ̀yìn páálí ìṣáná lọ, ó sì ti ha. Lójú mi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Mo sún mọ́ ọn, mo sún sẹ́yìn. Mo rí eéjì kan, mo rí òdo kan. Awò mi wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé.

"Mélòó ni, Akọ̀wé?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Ojú mi ò gbé e. Àlájì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nípa ojú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà láìtijú. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ń wò mí, àwọn ọkùnrin méjì tó wà ní ìsọ̀ kejì sì ń wò mí.

"Tuu-tuẹ́ńtì ni," mo wí. N kò dúró síbẹ̀ o. Mo fi kún un pé, "Ó bá iná wa mu rẹ́gí, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ní ọjọ́ Túsìdeè, Àlájì gbé ẹ̀rọ náà lọ sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn pákó ńlá wà. Àwọn tó kírun Ọ̀sán kò lọ, wọ́n dúró wòran. Alága ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ń bẹ níbẹ̀, ọ̀gá aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ ńlá ṣiṣẹ́ ní Mushin ni kí a gbé iṣẹ́ náà fún. Àlájì ní Bisimilláhì, ó tẹ ẹ̀rọ.

Ó ké. N kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu irin rí. Bíléèdì náà yí débi pé a kò rí i mọ́, afẹ́fẹ́ nìkan la rí. Kò pẹ́ rárá tí èéfín funfun fi tú jáde lábẹ́ rẹ̀, òórùn kọ́ìlì inú íńjìnnì tó jó gba gbogbo àgbàlá, fáànù inú mọ́ṣáláṣí dúró, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àlájì, mo sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ yín. Kí ẹ máa fọwọ́ rẹ́ igi yín jẹ́jẹ́."

Ẹlòmíràn ní, "Ó tì í jù ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo."

"Ogójì ọdún tó fi ń ṣe é, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná," ni ẹnìkẹta wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Àlájì yíjú sí mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Akọ̀wé, tuu-tuẹ́ńtì lẹ pè é, àbí?"

Mo ti kọ́ nípa íńjìnnì iná ní yunifásítì. Mo mọ ohun tí irú igbe bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó bi mí.

"Ohun tí mo kà nìyẹn," mo wí.

Ó mi orí. Kò tún bi mí mọ́. Alága ní òun fún un títí di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ohun tó dúró nílẹ̀ nígbà náà, wọ́n á kó igi lọ sí Mushin.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi gíláàsì ọlọ́wọ́ mi sínú àpò agbádá, mo lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé ó ti lọ jẹun. Ẹ̀rọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dojú délẹ̀. Mo tẹrí ba. Ó hàn gbangba. Wọn-tuẹ́ńtì. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa iná tiwa. Mo yáa fi gíláàsì pamọ́, mo sì kúrò níbẹ̀ wéréwéré bí olè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Àlájì ti padà sídìí ayùn ọwọ́. Bí ó bá ti kírun Àsùbáà tán ló ń bẹ̀rẹ̀, fàá, fàá, fàá, lábẹ́ fèrèsé mi. Ìrókò kì í ṣe igi ẹlẹgẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ó ń fà á bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ibi tó ti ń dúró láti mí. Ní ọjọ́ kẹfà, ìdúró náà gùn ju fífà lọ. Mo ti fèrèsé, ooru mú mi, mo ṣí i padà. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń sọ ọ́ níwájú mi pé Àlájì ti darúgbó. Ẹnìkan gbé ìwé iná wá fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀, ó ní kí n bá òun kà á. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mo wá gbogbo ọ̀nà tí n ó gbà sọ ọ́ láìsọ ọ́. Mo rò ó pé kí n sọ pé obìnrin ọlọ́jà náà ló tàn wá jẹ. Mo tilẹ̀ ti ṣètò ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Ìyẹn ni ohun tí ojú fi ń tì mí jù títí di òní, ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tó jẹ́ Tọ́sìdeè, ìró ayùn kò wáyé láàárọ̀. Mo dúró títí di Àsárì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó jókòó lórí àpótí, ó fi aṣọ wé ọwọ́ ọ̀tún. Ìpele mẹ́ta péré nínú mínbárì ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bu omi fún mi.

"Àlájì," mo wí, "wọn-tuẹ́ńtì ló wà lára ẹ̀rọ yẹn. N kò rí i kà lọ́jọ́ náà. Ojú mi ò gbé e. Mo kàn sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni. Mo ti wá fi gíláàsì wò ó láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì dákẹ́."

Ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wé.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì ń gbọ́ ayùn mi láti orí òkè yẹn."

"Mo ń gbọ́ ọ."

Mo ń fẹ́ kó bú mi. "Akọ̀wé, ta ló tún gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún mi yìí?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Èmi ò sọ fún ara mi pé n ò mọṣẹ́. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́, níwájú ara wọn." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ mu omi yín."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dìde níwájú ìjọ. Mo yọ awò láti inú àpò, mo fi sójú. Ó jọ pé mo bọ́ ṣòkòtò níbẹ̀. Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn, mo sì gbọ́ ohùn alága tó ní, "Háà, Akọ̀wé, ẹ̀yin náà?" Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ba ẹ̀rọ Àlájì jẹ́. Mo ní ó bi mí ní ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó rà á, mo ṣì í kà nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ojú mi ti lọ. Mo ní ó tún bi mí níwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ tó jó, mo sì parọ́. Mo ní èmi ni n ó ra òmíràn fún un. Kò ju ìwọ̀nba ìyẹn lọ. Nígbà tí mo jókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún díẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fún mi láyè ni tàbí kò fẹ́ kí a fara kanra.

Alága kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àlájì. Ó kàn ní, "Ó dáa. Kí Àlájì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ààwẹ̀ kò tíì dé." Mínbárì náà wà níbẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ó rí i pé ìpele mẹ́ta ìsàlẹ̀ ní àpá ayùn ọwọ́ lábẹ́, àwọn tó kù dán. Mo máa ń jókòó sí ìlà tí n kò ti ní rí i.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a tún gba Tinúbú kọjá lọ sí ọjà, ìsọ̀ obìnrin yẹn kan náà. Àlájì tún fi rúlà wo tábìlì, ó tún gbá gáìdì, ó tún fetí sí bíléèdì bó ti ń yí. Ó mú ọ̀kan. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tan iná fóònù, ó yẹ̀ fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Awò wà lójú mi. Mo ka gbogbo rẹ̀, láti orí ìlà òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. "Tuu-tuẹ́ńtì ni, Àlájì."

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

Ó mi orí, ó ní mo ṣeun. Lẹ́yìn náà ló pe obìnrin tó ni ìsọ̀, ó sì yí iná fóònù náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ bá mi ka èyí."

Obìnrin náà wo ojú mi, ó wo ojú rẹ̀. Kò sọ pé òun kì í kà á. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kà á.